Ìpolówó Ọjà àti Ìwárí Ọ̀rọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ibi Tí Àkọsílẹ̀ Èdè Yorùbá Dúró Sí

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí ẹ̀rọ aṣàwárí orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́, bí àwọn oníṣòwò ṣe ń lò ó láti polówó ọjà, àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ èdè Yorùbá nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bá a pàdé. Ìpolówó ọjà ìbílẹ̀ ni iṣẹ́ náà fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó fi hàn pé ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti owó nìkan, pé ti àkọtọ́ ni ní pàtàkì. Àwọn tí ó wà fún ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ máa kọ nǹkan ní èdè Yorùbá síbi tí ẹlòmíràn yóò ti rí i kà.

Ìfáàrà

Ìpolówó ọjà kì í ṣe ohun àjèjì láwùjọ Yorùbá. Kí ìwé ìròyìn àti rédíò tó dé ni àwọn oníkiri ti ń fi ohùn dídùn kéde ọjà wọn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn ti ka ìpolówó ọjà mọ́ ewì àbáláyé nítorí pé àwítúnwí, àfiwé àti àsọdùn ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì lára àbùdá rẹ̀ ni pé ẹni tí ń polówó kì í sábà dárúkọ ọjà rẹ̀ ní tààrà. Ẹni tí ó ń ta àgbàdo sísè kì í pè é ní àgbàdo. Láńgbé ni yóò pè é, yóò sì fi oríkì kún un. Ẹni tí ó wà nínú ilé yóò gbọ́, yóò sì mọ ohun tí ń kọjá lọ, nítorí pé ohùn, àkókò àti ìlù ọ̀rọ̀ náà ti fi ọjà hàn án.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ dorí kodò. Òǹrajà ni ó ń kígbe, òǹtajà ni ó jókòó tí ó ń retí kí wọ́n pe òun. Ẹni tí ó ń wá nǹkan yóò tẹ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sínú àpótí tóóró kan, ẹ̀rọ yóò sì pinnu ẹni tí yóò jẹ́ ipè náà lákọ̀ọ́kọ́. Bí òǹtajà kò bá mọ orúkọ tí òǹrajà yóò fi pe ọjà rẹ̀, ọjà yóò wà nílẹ̀ bámúbámú, kò sì ní sí ẹni tí yóò yà wò ó. Ẹni tí ó bá kọ ‘láńgbé’ nìkan, ẹni tí ó ń wá ‘àgbàdo’ lè má bá a pàdé láéláé. Gbogbo ohun tí àwọn amòye ìpolówó orí ẹ̀rọ ń sọ, tí wọ́n sì ń gbowó ńlá lé lórí, inú gbólóhùn yìí ló ti ṣẹ̀ wá. Kò sì yọ olùkọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó kọ àlàyé gidi lórí àrokò tàbí lórí ìlò òwe, tí kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tí ó rí i, òun náà ti kiri ọjà ní àdúgbò tí kò sí ènìyàn.

Bí Ẹ̀rọ Aṣàwárí Ṣe Ń Mọ Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Dáhùn

Nígbà tí Jerry Yang àti David Filo bẹ̀rẹ̀ Yahoo ní ọdún 1994 ní Yunifásítì Stanford, ènìyàn ni ó ń fọwọ́ to àwọn ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì sábẹ́ orí ọ̀rọ̀, bí ìgbà tí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé bá ń to ìwé sórí pẹpẹ. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi ju agbára ènìyàn lọ. AltaVista, tí ó jáde ní 1995, fi iṣẹ́ náà lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ètò kan wà tí àwọn Òyìnbó sọ lórúkọ aláǹtakùn, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé láti orí ìjápọ̀ kan sí èkejì ni ó ń rìn, tí ó ń ka ohun tí ó bá bá níbẹ̀, tí ó sì ń gbé e lọ sínú ìwé atọ́ka ńlá. Bí ènìyàn bá béèrè ọ̀rọ̀, inú ìwé atọ́ka yìí ni ẹ̀rọ yóò wò. Kì í sáré káàkiri ayé ní wákàtí náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rò.

Àléébù kan wà. Bí ẹ̀rọ bá ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan fara hàn láti fi mọ ojú ewé tí ó dára jù, ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ náà nígbà igba ni yóò borí. Àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ kan náà jálẹ̀ ìsàlẹ̀ ojú ewé pẹ̀lú lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ funfun, ojú ènìyàn kò ní rí i, ẹ̀rọ yóò sì kà á tán pátápátá.

Ohun tí Larry Page àti Sergey Brin mú wá láti Stanford yìí kan náà ni ó yí nǹkan padà. Ní 1996 ni iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ BackRub. Ní 1998 ni wọ́n tẹ pépà wọn jáde tí wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ Google sílẹ̀. Orúkọ yìí wá láti ara googol, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pe oókan tí òdo ọgọ́rùn-ún tẹ̀ lé. Ìlànà wọn, tí wọ́n pè ní PageRank, kò ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rí lọ. Bí ojú ewé kan bá tọ́ka sí òmíràn, ó ti jẹ́rìí sí i nìyẹn. Ẹ̀rí kò sì dọ́gba. Ẹ̀rí ọba láàfin kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀rí ẹni tí ń kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́ka láti ojú ewé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tọ́ka sí ṣe wúwo ju ti èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sì ń jẹ́rìí fún gbogbo ayé, ẹ̀rí rẹ̀ yóò fúyẹ́: bí ojú ewé kan bá tọ́ka sí mẹ́wàá, ìdá kan nínú mẹ́wàá iyì tí ó ní láti pín ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lónìí, PageRank jẹ́ ọ̀kan péré láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì tí ẹ̀rọ náà ń yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò tíì kú.

Ìpolówó Tí A Ń San Owó Lé

Ọ̀nà kejì láti dé iwájú ni owó. Bill Gross ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òwò ńlá ní 1998 nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀, GoTo, bẹ̀rẹ̀ sí í ta àyè ní gbàǹjo: ẹni tí ó bá dá owó jù lórí ọ̀rọ̀ kan ni yóò wà lókè, kò sì ní sanwó àyàfi bí ẹnìkan bá tẹ ìpolówó rẹ̀. GoTo yí orúkọ padà sí Overture ní 2001, Yahoo sì rà á ní 2003. Ohun kan pa ni lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí. Nínú pépà 1998 tí Brin àti Page kọ, wọ́n kìlọ̀ pé ẹ̀rọ aṣàwárí tí ó bá ń jẹun lára ìpolówó kò ní lè ṣàì ṣègbè fún àwọn tí ń polówó. Ní oṣù Kẹwàá 2000, ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, Google bẹ̀rẹ̀ AdWords pẹ̀lú nǹkan bí 350 oníbàárà. Orúkọ rẹ̀ ti di Google Ads láti 2018, ìpolówó sì ni ó ń mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ilé iṣẹ́ náà wọlé.

Ẹ̀tọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ àtúnṣe tí Google ṣe sí gbàǹjo náà ní 2002, nítorí pé ọgbọ́n ọjà wà nínú rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí oníṣòwò aṣọ òfì méjì bá wà, tí èkíní dá ₦100 fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí èkejì dá ₦40, ẹni àkọ́kọ́ ni GoTo ìbá gbé síwájú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń tẹ ìpolówó ẹni àkọ́kọ́, tí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sì ń tẹ ti ẹnì kejì, ìfarahàn ọgọ́rùn-ún yóò mú ₦100 wá láti ọ̀dọ̀ tàkọ́kọ́ àti ₦200 láti ọ̀dọ̀ tìkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó dá owó kékeré ni yóò wà lókè. Ìpolówó tí ó bá ohun tí òǹrajà ń wá mu a máa borí owó gọbọi.

Àwọn Ìṣẹ̀lẹ̀ Apanilẹ́rìn-ín

Nígbà tí ọdún 2003 ń parí lọ, ẹni tí ó bá tẹ gbólóhùn kékeré kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ‘aláṣetì burúkú’ sínú Google, ìtàn ìgbésí ayé George W. Bush, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, lórí ibùdó ilé ìjọba wọn ni yóò kọ́kọ́ rí. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lójú ewé yẹn rárá. Àwọn alátakò rẹ̀ ni wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan tí wọ́n ń fi gbólóhùn náà ṣe ìjápọ̀ sí i láti orí búlọ́ọ̀gì wọn. Ohun tí ó jọ èyí láwùjọ Yorùbá ni orúkọ ìnagijẹ: onítọ̀hún kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí gbogbo àdúgbò bá ti ń pè é bẹ́ẹ̀, àlejò tí ó bá fi orúkọ náà béèrè ni wọn yóò mú lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2007 ni Google tún ètò wọn ṣe tí eré náà fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Èyí tí ó lẹ́kọ̀ọ́ jù ṣẹlẹ̀ ní 2004. Àwọn kan gbé ìdíje kalẹ̀ láàárín àwọn amòye ìwárí: wọ́n so ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan pọ̀, ‘nigritude ultramarine’, wọ́n ní ẹni tí ojú ewé rẹ̀ bá wà lókè pátápátá ní ọjọ́ tí wọ́n dá ni yóò gba ẹ̀bùn. Àwọn alárékérekè dìde. Wọ́n ń lẹ ìjápọ̀ mọ́ ojú ewé olójú ewé káàkiri. Anil Dash, ẹni tí ó ti ń kọ búlọ́ọ̀gì fún ọdún mélòó kan, kàn bẹ àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí wọ́n tọ́ka sí ojú ewé kan tí òun kọ. Òun ni ó gba ẹ̀bùn ìkẹyìn ní oṣù Keje. Ènìyàn ni aṣọ; àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ni wọ́n jẹ́rìí fún un, ẹ̀rọ sì gba ẹ̀rí wọn. Ní oṣù Kìíní 2005, Google, Yahoo àti MSN fẹnu kò lórí àmì kan tí onílé lè fi sí ara ìjápọ̀ tí àlejò bá lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀, kí ẹ̀rọ má bàa kà á sí ẹ̀rí mọ́.

Ẹni ńlá náà kì í ṣàì tẹ̀ sí pàǹpẹ́. Ní oṣù Kejì 2006, Google yọ ibùdó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ BMW ti Jámánì kúrò nínú atọ́ka wọn nítorí pé ohun tí ó ń fi han ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ohun tí ó ń fi han ènìyàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n dá a padà, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà ti kó àwọn ojú ewé ẹ̀tàn rẹ̀ kúrò.

Àmì Ohùn, Àmì Ìsàlẹ̀ àti Ẹ̀rọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Bí ẹnìkan bá tẹ ‘oko’ sínú ẹ̀rọ láìfi àmì kankan sí i, kí ni ó ń wá? Ó lè jẹ́ oko tí à ń ro, ọkọ tí ìyàwó ń fẹ́, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń gbé tàbí òkò tí ọmọdé ń sọ mọ́ ẹyẹ. Ìkan tún wà tí àgbà kì í dárúkọ níwájú ọmọdé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá àlàyé lórí iṣẹ́ oko lè tipa bẹ́ẹ̀ kan ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kò rán an. ‘Igba’ náà ń kọ́? Igba tí ó jẹ́ òǹkà, igbá tí à ń fi bu nǹkan, ìgbá tí à ń jẹ, igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, àti ìgbà tí ó ń lọ tí kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí ńláńlá máa ń ka ọ̀rọ̀ tí ó lámì àti èyí tí kò lámì mọ́ ara wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní bọ́tìnnì tí wọn yóò fi tẹ àmì. Èyí ran òǹwárí lọ́wọ́ láti rí nǹkan, ṣùgbọ́n ó tún da ọjà pọ̀. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé kò wúlò láti máa fi àmì sí Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ lè yọ àmì kúrò lára ‘ìgbà’ ní ìṣẹ́jú akàn kí ó di ‘igba’; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ‘igba’ ni wọ́n kọ, kò sí bí yóò ṣe mọ èwo nínú márùn-ún ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn àfi kí ó méfò láti inú gbólóhùn. Ẹni tí ó fi àmì sí i ti sin ẹni tí ó ń fi àmì wá a àti ẹni tí kò fi àmì wá a. Ẹni tí kò fi sí i ti sọ ohun tí ẹ̀rọ kò lè dá padà nù. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá ìwárí nìkan. Láti oṣù Kejìlá 2013 ni Google ti ń túmọ̀ èdè Yorùbá, àwọn ẹ̀rọ tí ń fi ohùn ka ìwé sì ti ń pọ̀ sí i. Ara ohun tí ènìyàn bá kọ sílẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń kọ́ Yorùbá. Bí èyí tí wọ́n bá bá pàdé kò bá lámì, Yorùbá tí kò lámì ni wọn yóò máa sọ padà fún àwọn ọmọ.

Ìṣòro mìíràn fara pamọ́ fún ojú. Láàárín 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ni wọ́n fi irú lẹ́tà àkànṣe tẹ̀; bí wọ́n bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, wúruwùru ni yóò dà. Ìlànà Unicode ni ó yanjú èyí, ṣùgbọ́n kò yanjú rẹ̀ tán. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú Unicode. Á, à, é àti è náà ní tiwọn. Ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ṣe ni wọ́n ń to wọ́n pọ̀. Ènìyàn lè mú ẹ kí ó fi àmì òkè lé e. Ó lè mú é kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ó lè mú e lásán kí ó kọ́kọ́ fi ti ìsàlẹ̀ sí i kí ó tó fi ti òkè, tàbí kí ó ṣe é ní ìdàkejì. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn fún lẹ́tà kan ṣoṣo. Nínú ‘ẹ̀kọ́’, níbi tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ méjì, ó di ọ̀nà 16. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Unicode ní òfin tí ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan, àwọn ẹ̀rọ ńlá sì ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àpótí ìwárí inú ọ̀pọ̀ ibùdó kékeré àti ti àwọn ètò ilé ìkàwé kan kì í tẹ̀ lé e. Ìwé lè wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ ní kò sí. Ẹni tí ó bá sì lo ìlà òòró kékeré dípò ẹ̀kán nísàlẹ̀ lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé kan ṣe ń ṣe, òfin Unicode pàápàá kò ka ìyẹn mọ́ ẹ̀kán.

Láti ìpàdé àkọtọ́ tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, àríyànjiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi sábẹ́ lẹ́tà àti sórí rẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹ̀rọ ni ó tún mú un padà wá bá ìran yìí.

Olùkọ́ Tí Ó Fẹ́ Kọ Búlọ́ọ̀gì

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ wá ni bọ́tìnnì tí ó ń tẹ àmì bí ó ti yẹ. Láti ìgbà Windows Vista ní 2007 ni Microsoft ti ní àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá. Àwọn fóònù ìgbàlódé náà ní tiwọn, iṣẹ́ YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ sì ti gbé ọ̀kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó yan ọ̀nà kan, kí ó sì má ṣe máa yí i padà láàárín ìwé kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni àkọlé. Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá fẹ́ràn láti fi òwe ṣe àkọlé, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àròkọ lórí ojúṣe òbí tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ ‘Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà’ ti ṣe bí oníláńgbé. Òbí tí ó ń wá ‘ìtọ́jú ọmọ’ kò ní rántí àgbà tàbí ọjà. Kò di dandan kí wọ́n pa òwe tì; kí orúkọ ohun tí wọ́n ń sọ tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àkọlé kejì, kí ó sì tún fara hàn nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá wà fún ohun kan náà láàárín ẹ̀ka èdè, ó dára kí méjèèjì wà nínú iṣẹ́ náà lọ́nà tí kò ní dá òǹkàwé lágara. Inú àdírẹ́sì ojú ewé nìkan ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti wà láìlámì, nítorí pé ibẹ̀ ni àmì ti sábà máa ń di wúruwùru nígbà tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Àwọn kan a máa ya fọ́tò ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, wọn a gbé fọ́tò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àmì má bàa bàjẹ́. Àmì kò bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè má rí ọ̀rọ̀ kankan kà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni afọ́jú tí ẹ̀rọ ń bá kàwé. Ọ̀rọ̀ gidi ni kí wọ́n tẹ̀. Ní ti ẹ̀rí, kò sí ìdí tí olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan kò fi ní tọ́ka sí iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. Nígbà tí àkọsílẹ̀ Yorùbá ṣì kéré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtọ́ka mélòó kan láàárín àwọn tí wọ́n mọṣẹ́ lè gbé ojú ewé kan síwájú. Ẹ̀dà iṣẹ́ oníṣẹ́ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀. Olè ni, ẹ̀rọ pàápàá sì sábà máa ń yan ẹ̀dà kan ṣoṣo láti fi hàn. Láti oṣù Karùn-ún 2024 tí Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdáhùn tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ ṣáájú àwọn ìjápọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó tún ṣeé ṣe kí òǹwárí rí ìdáhùn gbà láìdé ilé ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Èyí yóò dun oníṣòwò ju olùkọ́ lọ, bí orúkọ olùkọ́ bá wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku ti ìpamọ́. GeoCities, níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti kọ́ ilé ọ̀fẹ́ sí, Yahoo rà á ní 1999, ó sì tì í pa ní oṣù Kẹwàá 2009. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà nílé pàdánù ohun tí ó kọ. Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1996, ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú ewé. Láti 2001 ni ó ti ṣí Wayback Machine fún gbogbo ènìyàn. Òǹkọ̀wé lè tẹ àdírẹ́sì ojú ewé rẹ̀ síbẹ̀ kí ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ̀dà kan lórí bébà, tí gbogbo àmì rẹ̀ pé, ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò sì wọ́n jù.